Níbo ni Ọ̀gá Ọ̀la Yóò Ti Wá?

Ẹni tó bá dé Ìsẹ́yìn, ìlú aṣọ òfì, ọmọ Ẹbẹdí, tó sì fara balẹ̀ wo àwọn ahunṣọ nídìí iṣẹ́ wọn, yóò rí i pé ẹtù kì í ti ọwọ́ ẹnìkan ṣoṣo jáde: ẹnìkan a ran òwú, òmíràn a rẹ ẹ́ láró, òmíràn a hun ún, ọmọ iṣẹ́ a sì jókòó ti ọ̀gá, ojú rẹ̀ lára ọwọ́, etí rẹ̀ lára ẹnu, títí ọ̀kọ̀ yóò fi mọ́ òun náà lọ́wọ́. Irú ìjókòótì bẹ́ẹ̀ ni mo ń wá láàárín àwọn ọmọ wa tó ń kọ sọ́fítíwia, ìyẹn àkójọ àṣẹ tí kọ̀ǹpútà ń tẹ̀ lé.

Peter Naur, ọ̀mọ̀wé ọmọ ilẹ̀ Denmark, kọ ọ́ ní 1985 pé orí àwọn tó ṣe sọ́fítíwia ni òye rẹ̀ wà, pé bí wọ́n bá tú ká láìsí ẹni tó bá wọn ṣiṣẹ́ pẹ́, sọ́fítíwia náà ti kú, bó tilẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀rọ. Òótọ́ pọ́ńbélé ni. Ìwé lè sọ ohun tí a ṣe. Ìdí tí a fi ṣe é báyìí, tí a kò fi ṣe é bọ́hùn-ún, ẹnu ẹni tó ṣe é ni a ti sábà ń gbọ́ ọ. Àwọn mẹ́tàdínlógún tó pàdé ní Snowbird, ní ìpínlẹ̀ Utah, ní oṣù Kejì ọdún 2001, tí wọ́n fi ìlànà Agile lélẹ̀ fún iṣẹ́ sọ́fítíwia, náà gbé ènìyàn àti ìfikùnlukùn ṣáájú irinṣẹ́. Wọn kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má kọ nǹkan sílẹ̀, ẹni tó bá sì fi orúkọ wọn bo ìmẹ́lẹ́ mọ́lẹ̀ ń purọ́ mọ́ wọn.

Ọ̀rọ̀ Andela ló dùn mí jù. Èkó ni ilé-iṣẹ́ náà ti bẹ̀rẹ̀ ní 2014, nígbà náà, ó ń ṣa àwọn ọ̀dọ́ tí ọpọlọ wọn jí pépé, ó ń kọ́ wọn, ó sì ń fi wọ́n sẹ́nu iṣẹ́ pẹ̀lú àwọn ilé-iṣẹ́ òkè òkun. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2019, ó ní kí bí 250 nínú wọn máa lọ ní Nàìjíríà àti Uganda, kó tó kan ti Kenya, nítorí pé àwọn tó ti gbó nínú iṣẹ́ ni àwọn oníbàárà ń béèrè. Mo mọ̀ pé ọlọ́jà kì í tà fún ẹni tí kò rà. Ṣùgbọ́n bí olúkúlùkù bá ń wá àgbà, tí ẹnikẹ́ni kò fẹ́ tọ́ ọmọdé, àgbà náà yóò tán. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí á pe àgbà ní wèrè. Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ tí ọ̀gá rẹ̀ kò jẹ́ kí ọmọ iṣẹ́ ka iṣẹ́ òun, kó bi òun léèrè, kó sì tọ́ka sí àṣìṣe òun, ọjọ́ tí ọ̀gá náà bá rí iṣẹ́ mìíràn ni tiwọn dúró.

Nítorí náà ni mo ṣe ń rọ àwọn olùkọ́ ní Pólì Òkè-Ògùn, ní Ṣakí, pé kí wọ́n pín àwọn ọmọ tó ń kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní mẹ́ta-mẹ́ta, àgbà pẹ̀lú ọmọdé, kí iṣẹ́ ẹnikẹ́ni má wọlé àfi bí ẹlòmíràn bá kà á, kí máàkì sì wà fún ẹni tó lè ṣàlàyé apá tí kì í ṣe ọwọ́ rẹ̀ ló kọ ọ́.