Sí Mínísítà Eré Ìdárayá: Ta Ni Kò Kọ Orúkọ Favour Ofili?

Lakowe, Ìpínlẹ̀ Èkó
14 Oṣù Kẹjọ, 2024

Sí Sẹ́nétọ̀ John Owan Enoh, Mínísítà fún Ìdàgbàsókè Eré Ìdárayá, Àbújá

Ọ̀gá Mínísítà,

Mo mọ̀ pé Yorùbá kì í ṣe èdè yín, ṣùgbọ́n àwọn tó gbọ́ ọ pọ̀ lọ́fíìsì yín. Ẹ ní kí wọ́n kà á fún yín, kí wọ́n má sì bomi là á.

Ẹ ti tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọmọ Nàìjíríà. A gbọ́. Eléré 88 lọ sí Òlíńpíìkì Paris, oríṣi eré 12 ni wọ́n lọ ṣe, kò sì sẹ́ni tó mú ohunkóhun bọ̀, bàbà lásán kò wọlé. Ìyẹn nìkan kò lè mú mi kọ̀wé. Ẹni tó lọ síbi ìdíje lè fìdí rẹmi. Iṣan lè já, ẹsẹ̀ lè yọ̀, ẹni tó yára jù ú lọ lè wà níbẹ̀. N kò bá ẹni tó sáré tí kò borí jà. Ẹni tí kò jẹ́ kí ọmọ sáré rárá ni mo ń bá jà.

Ẹ mọ ọ̀rọ̀ Favour Ofili jù mí lọ. Òun ni obìnrin Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó sá 200 mítà kí ìṣẹ́jú àáyá 22 tó pé. Ó yege fún 100 mítà, ó dé Paris, eré kù sí dẹ̀dẹ̀, wọ́n wá sọ fún un pé orúkọ rẹ̀ kò sí nínú ìwé. Kò farapa, kò lo oògùn. Ẹnì kan jókòó sí ọ́fíìsì, kò kọ orúkọ rẹ̀. AFN, àjọ tó ń darí eré ìsáré nílẹ̀ wa, ní àjọ Òlíńpíìkì Nàìjíríà ló jẹ̀bi, àjọ Òlíńpíìkì ní AFN ni. Ẹ̀yin náà ní ẹ máa wádìí. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta oṣù yìí, Julien Alfred gba góòlù 100 mítà náà fún Saint Lucia, orílẹ̀-èdè tí gbogbo èèyàn inú rẹ̀ kò pé 200,000. Wọ́n kéré lóòótọ́, àmọ́ wọ́n rántí kọ orúkọ ọmọ wọn.

Tíṣà eré ìdárayá ni mí nílé-ìwé kan ní Lakowe níbí. Tí ìdíje àwọn ilé-ìwé bá ti ń bọ̀, èmi ni mo ń kọ orúkọ. Màá pe ọmọ kọ̀ọ̀kan wá sídìí tábìlì kó fojú ara rẹ̀ wo ohun tí mo kọ: ṣé bí wọ́n ṣe ń kọ orúkọ bàbá rẹ nìyí? Ṣé 100 mítà lo sọ àbí 200? Màá fi fóònù ya fọ́ọ̀mù náà kí n tó fi sílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn, torí mo mọ bí ọ́fíìsì ṣe ń rí. Lọ́jọ́ ìdíje, ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri ni mo kọ́kọ́ ń wò. Lọ́dún kan, ẹni tó tẹ̀wé ti fo orúkọ ọmọbìnrin kan. Mo dúró ti tábìlì wọn, n kò jókòó, n kò kúrò, títí wọ́n fi fi bírò kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ ìwé. Ipò kẹrin ló ṣe. Ṣùgbọ́n ó sáré. Ìdíje tí ẹ̀bùn rẹ̀ jẹ́ ìwé ìkọ̀wé àti ike omi nìyẹn o. Ta ló dúró ti tábìlì fún Ofili? Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Ẹ̀yin àgbà tí ẹ gba owó ọkọ̀ òfurufú, owó hòtẹ́ẹ̀lì àti owó oúnjẹ lọ sí Paris, kí lẹ bá lọ?

Ẹ̀ẹ̀kan kọ́ rèé, ohun tó jẹ́ kó máa ta mí lára nìyẹn. Ní Òlíńpíìkì Tokyo ní 2021, wọ́n dá mẹ́wàá nínú àwọn eléré wa dúró nítorí àyẹ̀wò oògùn tó yẹ kí wọ́n ti ṣe fún wọn ṣáájú, tí àjọ tiwa kò bójú tó. Ofili wà nínú wọn, ọmọ ọdún 18 péré. Annette Echikunwoke tó ń ju òòlù náà wà níbẹ̀. Annette fi wá sílẹ̀, ó lọ bá Amẹ́ríkà. Lálẹ́ ọjọ́ kẹfà oṣù yìí, ó ju òòlù rẹ̀ dé 75.48 mítà, ó gba fàdákà fún wọn. Ofili dúró tì wá ní tiẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn kan náà, pẹ̀lú ẹ̀dùn ọkàn, ó sá àṣekágbá 200 mítà, ó ṣe ipò kẹfà. Kò sí obìnrin wa tó dé ibẹ̀ láti ìgbà Mary Onyali ní 1996. Tí òun náà bá di ẹrù rẹ̀ lọ́la bí Francis Obikwelu, asáré wa àtijọ́, ṣe lọ sí Portugal, ẹ má pè é ní ọ̀dàlẹ̀.

Kí n tó gbàgbé, Ese Ukpeseraye, eléré kẹ̀kẹ́ wa, yá kẹ̀kẹ́ lọ́wọ́ àwọn ará Jámánì kó tó lè díje. Wọ́n ní ìpè sí ìdíje náà ló pẹ́ dé. Ó dáa. Àwọn obìnrin agbábọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ wa, D'Tigress, fẹ́ wọ ọkọ̀ ojú omi tó gbé ikọ̀ Nàìjíríà lọ́jọ́ ayẹyẹ ìṣíde, wọ́n ní ọkọ̀ ti kún. Àwọn wo ló kún inú rẹ̀, ọ̀gá? Àwọn tí kò ráyè wọkọ̀ yìí náà ló padà di ẹgbẹ́ àkọ́kọ́ láti Áfíríkà tó dé ìpele àwọn mẹ́jọ tó kẹ́yìn nínú bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ Òlíńpíìkì.

Ẹ wo Kenya. Wọ́n kó àmì-ẹ̀yẹ 13 bọ̀ láti Rio ní 2016, góòlù mẹ́fà wà níbẹ̀. Síbẹ̀ wọn ò jókòó máa jó. Wọ́n béèrè ọ̀nà tí owó gbà lọ, ọ̀rọ̀ dé kóòtù. Ní 2021, adájọ́ dá Hassan Wario tó jẹ́ mínísítà eré ìdárayá wọn nígbà náà lẹ́bi: ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́fà, tàbí kó san mílíọ̀nù 3.6 owó Kenya. Àwọn tó gba góòlù mẹ́fà ló ṣe bẹ́ẹ̀. N kò sọ pé ẹ jalè. Ìṣirò ni mo ń béèrè.

Nítorí náà, ẹ dárúkọ ẹni tí kò kọ orúkọ Ofili. Ẹ má sọ pé "àjọ", àjọ kì í di bírò mú. Ẹ tẹ iye owó tí ẹ gbà àti bí ẹ ṣe ná an sínú ìwé ìròyìn. Ẹ kọ iye òṣìṣẹ́ tó bá yín lọ sí ẹ̀gbẹ́ iye eléré, ká jọ wò ó. Ẹ lọ bá Ofili fúnra yín, kí ẹ bẹ̀ ẹ́. Tí ẹ bá ní Oṣù Kẹjọ ọdún tó kọjá lẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ipò yìí, fọ́ọ̀mù kíkọ kì í gba ọdún kan.

Ẹ tún ya Pápá Ìṣeré Orílẹ̀-Èdè ní Sùúrùlérè wò, ibi tí a ti gbàlejò ìdíje eré ìdárayá gbogbo Áfíríkà ní 1973, kí ẹ rí ohun tí ìjọba sọ ọ́ dà. Ẹ̀bá títì làwọn ọmọ mi ti ń sáré ní Lakowe, tirela ń fẹ́ eruku sí wọn lójú. Pápá gọ́ọ̀fù wà níbí o, ó tutù minimini. Ara ògiri rẹ̀ la ń gbà kọjá. Tí mo bá fẹ́ kí wọ́n fẹsẹ̀ kan pápá ìsáré gidi, Yábàá ni, àfi ká jí láàárọ̀ kùtù kí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Ajah tó dì. Owó ọkọ̀ wọn ń tinú owó oṣù tíṣà jáde. Ọjọ́ kìíní oṣù yìí làwọn ọ̀dọ́ jáde sígboro nítorí ebi, ẹ̀yin wà ní Paris.

Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù yìí ni ìdíje Òlíńpíìkì àwọn aláàbọ̀ ara máa bẹ̀rẹ̀. Àwọn tiwa kó àmì-ẹ̀yẹ mẹ́wàá bọ̀ láti Tokyo. Ẹ gba ìwé orúkọ wọn lónìí, kí ẹ fẹnu ara yín kà á, lọ́kọ̀ọ̀kan.

Èmi ni,
Tíṣà eré ìdárayá kan, Lakowe.