Níti Ọdún àti Nọ́ńbà Ara Ìbọn Ìléwọ́

Àwọn tí ń kó ohun àtijọ́ jọ a máa yọ̀ bí wọ́n bá rí ọdún lára irin, wọn a sì rò pé àwọn ti mọ ọjọ́ orí rẹ̀. Kì í rí bẹ́ẹ̀ nígbà gbogbo.

Ẹ wo ìbọn ìléwọ́ Luger, tí ẹgbẹ́ ọmọ ogun Jámánì gbà ní 1908. Lókè ibi tí ọta ń jókòó sí ni a ń tẹ ọdún sí. Ṣùgbọ́n àwọn kan ru ọdún méjì, bí 1917 àti 1920. Ṣé ọdún mẹ́ta ni alágbẹ̀dẹ fi rọ ọ́ ni? Rárá o. Ní 1917 ni a rọ ọ́. Lẹ́yìn tí àdéhùn Versailles ti 1919 dín ọmọ ogun wọn kù sí 100,000, ìjọba wọn ṣòfin ní 1920 láti gba ohun ìjà lọ́wọ́ ará ìlú, wọ́n sì tẹ 1920 sára èyí tí í ṣe ti ìjọba. Àmì ìní ni, gẹ́gẹ́ bí irin gbígbóná tí Fúlàní fi ń sàmì sí màlúù. Ní 1934 ẹ̀wẹ̀, ilé iṣẹ́ Mauser kò tẹ ọdún rárá. Lẹ́tà K ni wọ́n fi bo ọdún náà mọ́lẹ̀, àti G ní 1935.

Níti nọ́ńbà, ọdọọdún ni wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ kíkà láti 1. Bí ó bá pé 10,000, wọn a tún bẹ̀rẹ̀, wọn a sì fi lẹ́tà a kún un, lẹ́yìn náà b. Ẹni tí ó di nọ́ńbà nìkan mú, láìwo ọdún, lẹ́tà àti ilé iṣẹ́, dà bí ẹni tí ń béèrè Òjó ní Ìbàdàn.

Ohun tí ó ń bí mi nínú nìyí. A máa ń tẹ ìgbẹ̀yìn nọ́ńbà náà sára àwọn ẹ̀yà kéékèèké pẹ̀lú. Bí wọn kò bá bára mu, owó ìbọn a wálẹ̀; nítorí náà àwọn oníṣòwò kan a ha ti àtijọ́ kúrò, wọn a tẹ òmíràn. Ẹ̀yà tí kò bára mu ń jẹ́rìí pé ẹnìkan ti tún ìbọn náà ṣe. Wọ́n sì pa ẹlẹ́rìí náà nítorí owó.

Ẹ̀yin ìjòyè tí ohun ogun àwọn baba yín ṣì wà nílé, kí ọmọdé tó fi iyanrìn ha ìpẹtà ara wọn, ẹ kọ gbogbo àmì ibẹ̀ sínú ìwé, àní èyí tí kò yé yín.