Ẹni Tó Bá Ra Àga, Kó Ra Ìtàn Rẹ̀ Pẹ̀lú

Nínú èdè Yorùbá, ẹni tó bá ń ṣe olórí ìpàdé ni à ń pè ní alága. Ẹni tó ń darí ìjọba ìbílẹ̀, alága ni. Obìnrin tó ń darí ètò ìdána fún ìdílé ìyàwó, alága ìjókòó ni. Èyí tó ń ṣojú fún ìdílé ọkọ, alága ìdúró ni. Ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ náà kò fara sin: ẹni tó ni àga. Èdè wa ti pinnu tipẹ́ pé ẹni tí a bá fún ní àga ni a fún ní àṣẹ láti sọ̀rọ̀ kí àwọn yòókù sì gbọ́. Síbẹ̀, bí a bá wọ àwọn abúlé oko tó yí Ìbàdàn ká, ní Akínyẹlé, Lágelú, Ẹgbẹ́dá àti Ọ̀nà-Àrà, inú yàrá tí òrùlé rẹ̀ ti ń jò tàbí ẹ̀yìn ilé ìdáná ni a ti lè bá àga tí àwọn baba ńlá wa fi jẹ́ alága. Ọ̀rọ̀ àwọn àga wọ̀nyí, àti ti àwọn tó ń wá wọn rà, ni mo fẹ́ bá ẹ̀yin òǹkàwé sọ.

Àga tí mò ń wí kì í ṣe ìtẹ́ ọba. Àga onígi aláfẹ̀yìntì lásán ni. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ méjèèjì gùn gòkè di ẹ̀yìn àga, igi pẹlẹbẹ mẹ́ta tàbí mẹ́rin sì dábùú láàárín wọn, ọ̀kan lórí èkejì, bí àkàbà. Ìjókòó rẹ̀ lè jẹ́ pákó, ó sì lè jẹ́ pankẹ́rẹ́ tí a hun. Kì í ṣe ọ̀dọ̀ wa ni irú àga bẹ́ẹ̀ ti ṣẹ̀. Àga àwọn ará oko ni ní ilẹ̀ Yúróòpù àti Amẹ́ríkà láti ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún sẹ́yìn. Ní tiwa, ẹní, àpótí àti awọ ẹran ni ìjókòó àtijọ́. Àwọn míṣọ́nnárì bíi David Hinderer àti Anna ìyàwó rẹ̀, tí wọ́n fìdí kalẹ̀ sí Ìbàdàn ní 1853, pẹ̀lú àwọn Sàró àti àwọn Àgùdà tó mọ iṣẹ́ káfíńtà, wà lára àwọn tó mú irú ohun èlò ilé bẹ́ẹ̀ dé àárín wa. Ọkọ̀ ojú irin dé Ìbàdàn ní 1901. Kòkó gbilẹ̀ ní oko, owó wọlé, àgbẹ̀ kọ́ ilé onípáànù, ó sì pe káfíńtà kó wá kan àga sí i. Àga náà wá di tiwa, gẹ́gẹ́ bí kòkó fúnra rẹ̀, tí kì í ṣe igi ilẹ̀ wa, ṣe di tiwa.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí a fojú kéré ohun tó di tiwa lọ́nà bẹ́ẹ̀. Orí irú àga yìí ni baálé ń jókòó sí nígbà tí ó bá ń parí ìjà tọkọtaya, orí rẹ̀ ni ó wà nígbà tí wọ́n bá ń pín ilẹ̀ oko fún ọmọ àti àlejò, orí rẹ̀ náà ni ó ti ń ka owó kòkó. Ọmọdé tó bá jókòó sí i, kíá ni wọn yóò ti lé e dìde. Ní 1968 sí 1969, nígbà tí ìjà Àgbẹ́kọ̀yà gbóná lórí owó orí, Àkànrán ní Ọ̀nà-Àrà ni Táfá Adéoyè, aṣáájú wọn, ti jáde wá. Àwọn àgbẹ̀ tó gbèrò ìjà yẹn jókòó kí wọ́n tó dìde. Ìwé ti wà lórí ìdìde wọn. Ta ló ń tọ́jú ìjókòó wọn?

Ẹnìkan lè sọ pé igi lásán ni mò ń sọ di ńlá. Ẹ jẹ́ kí a kúrò ní Ìbàdàn díẹ̀ kí a yà sí Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì, nítorí ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ ní ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀, ọ̀gá nínú àwọn agbẹ́gilére, tó kú ní 1938, gbẹ́ ilẹ̀kùn kan fún ààfin Ògógà. Lára ilẹ̀kùn náà ni ọba jókòó sí ní ọlá ńlá rẹ̀, tí òyìnbó ajẹ́lẹ̀ sì ń bọ̀ lórí ohun tí àwọn èèyàn fi gbé e. Wọ́n gbé ilẹ̀kùn yìí lọ sí ibi ìpàtẹ ńlá ti ilẹ̀ ọba Gẹ̀ẹ́sì ní Wembley ní 1924. Nígbà tí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ti Britain fẹ́ rà á, ọba kọ̀, kò gba owó. Àga ìtẹ́ tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó gbà ní pàṣípààrọ̀. Títí di òní, ìlú London ni ilẹ̀kùn náà wà, ó sì wà lára iṣẹ́ ọnà Yorùbá tí gbogbo ayé mọ̀ jù lọ. Àwọn òǹkọ̀wé ti kọ ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Àga tí wọ́n fi pààrọ̀ rẹ̀ ńkọ́? A kì í sábà gbọ́ orúkọ ẹni tó kàn án.

Kí ni mo rí fà yọ níbẹ̀? Kì í ṣe pé ọba gọ̀. Ọba mọ iyì ìjókòó ju owó lọ, ó sì mọ̀ pé Ọlọ́wẹ̀ ṣì wà láàyè láti gbẹ́ òmíràn. Ohun tí mo rí ni pé ilẹ̀kùn náà kò sọnù nínú ìtàn nítorí pé orúkọ agbẹ́gi, orúkọ ìlú àti orúkọ ọba bá a dé ibi tó lọ. Bí ohun kan bá rìnrìn àjò pẹ̀lú ìtàn rẹ̀, ọmọ ẹni lè tọpasẹ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ kan, ó sì lè bèèrè rẹ̀. Bí ó bá lọ láìní ìtàn, igi lásán ló lọ lóòótọ́.

Bẹ́ẹ̀ ni òfin kò lè bá wa ṣe iṣẹ́ yìí tán. Òfin ìjọba àpapọ̀, Àṣẹ kẹtàdínlọ́gọ́rin ti ọdún 1979, tó dá àjọ tó ń bójú tó àwọn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé sílẹ̀, sọ pé ẹni tí àjọ náà kò bá fún ní àṣẹ kò gbọdọ̀ máa ra ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, àti pé kò sí ẹni tó gbọdọ̀ kó o kọjá ibodè láìgba ìwé ìyọ̀ǹda. Ṣùgbọ́n ní ti iṣẹ́ ọwọ́ ìbílẹ̀, èyí tí wọ́n ṣe kí ọdún 1918 tó dé ni òfin náà kà kún ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, tàbí èyí tó ní iyì ìtàn tàbí ti ọnà tí a sì ti lò nínú ètùtù tàbí ayẹyẹ ìbílẹ̀. Ère ìbejì bọ́ sábẹ́ òfin náà, ọ̀pá òrìṣà bọ́ sábẹ́ rẹ̀. Àga tí káfíńtà kàn fún àgbẹ̀ oníkòkó ní 1952 kò bọ́ sí i. Òfin kò mọ̀ ọ́n, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kò wá a. Ìdílé nìkan ni olùṣọ́ rẹ̀, ìdílé sì ti kó lọ sí ìgboro.

Mo mọ ohun tí àwọn kan yóò wí. Wọn yóò ní ebi ń pa ẹni tó wà lábúlé, kí ni yóò fi àga tó ti mì ṣe? Wọn yóò tún ní ẹni tó rà á ló gbà á lọ́wọ́ ikán àti iná. Òótọ́ ni. Ilẹ̀ oko ń di ilẹ̀ ilé lójoojúmọ́ ní àyíká wa. Láti 2021 ni ọkọ̀ ojú irin tuntun ti ń gbé èrò láti Èkó dé Mọ́níyà ní Akínyẹlé. Níbi tí wọ́n bá ti wó ilé bàbá àgbà kí wọ́n lè ta ilẹ̀, àga inú rẹ̀ kì í ju igi ìdáná lọ, àga rọ́bà ni wọn yóò sì rà rọ́pò rẹ̀. Nítorí náà, n kò bá àwọn tó ń ra àga àtijọ́ jà. Ẹni tó tọ́jú rẹ̀ sàn ju ẹni tó dáná sun ún. Ohun tí mo kọ̀ ni kí a rà á bí ìgbà tí a ń ra ìtì igi.

Ẹni tó bá fẹ́ rà á, kó kọ́kọ́ mọ ohun tó ń rà. Kó dojú àga dé, kó wo abẹ́ rẹ̀. Iṣẹ́ àtijọ́ tó dára kì í gbára lé ìṣó: káfíńtà á gbẹ́ ihò sára ọ̀pá, á gbẹ́ ẹnu igi ìdábùú kó wọ inú ihò náà, á wá fi èèkàn igi kékeré há a mọ́ ibẹ̀. Ayùn ẹ̀rọ a máa fi ilà tó dọ́gba sílẹ̀. Ti ayùn ọlọ́wọ́ kì í dọ́gba. Igi máa ń sún kì bí ọdún ti ń gorí ọdún, nítorí náà igi roboto tó ti pẹ́ kì í rí roboto délẹ̀délẹ̀ mọ́. Kó wo igi ìsàlẹ̀ níwájú, níbi tí ẹsẹ̀ ti ń sinmi: bí ó bá jẹ́ àga tí èèyàn jókòó sí lóòótọ́, ibẹ̀ yóò ti jẹ́ ju ibòmíràn lọ. Èyí tí wọ́n fi èéfín àti ẹrẹ̀ sọ di arúgbó, ibi gbogbo ló ń dúdú lọ́gbọọgba. Ìrókò wúwo, ikán kì í tètè jẹ ẹ́. Arère fúyẹ́, kì í sì pẹ́ lẹ́nu kòkòrò. Bí ìyẹ̀fun igi tuntun bá ń dà sílẹ̀ lábẹ́ rẹ̀, kòkòrò ṣì wà nínú rẹ̀. Kó má sì ṣe fá ara rẹ̀ kó wá kùn ún ní fáníìṣì tó ń dán. Bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ẹni tó bá fá ojú àga àtijọ́ ti ju àkísà àgbà nù.

Lẹ́yìn èyí ni iṣẹ́ tó ṣe pàtàkì jù. Kó bèèrè ẹni tó ni àga. Ọmọ kan ṣoṣo kò ní àṣẹ láti dá ta ogún ẹbí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òun nìkan ló kù lábúlé. Kí ẹbí mọ̀ sí i, kí owó sì dé ọwọ́ wọn. Kó bèèrè orúkọ káfíńtà, orúkọ ẹni tó kọ́kọ́ jókòó sí i, igi tí wọ́n fi ṣe é, abúlé tó ti wá, ẹjọ́ tàbí ìpàdé tí wọ́n rántí pé ó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Kó kọ ọ́ sínú ìwé, kó fún ẹbí ní ẹ̀dà kan, kó lẹ ẹ̀dà kejì mọ́ abẹ́ àga. Kó ya àwòrán rẹ̀ níbi tó wà kó tó gbé e. Gbogbo èyí kò ju iṣẹ́ ọ̀sán kan lọ. Bí olùtà bá ní kò sí ìtàn, kó dín owó. Bí ìtàn bá wà, kó fi owó kún un. Ọjọ́ tí ìtàn bá di ohun tó ń pa owó ni àwọn ọmọ abúlé yóò bẹ̀rẹ̀ sí í bi àwọn àgbà léèrè ọ̀rọ̀.

Ó kù sọ́wọ́ àwa tí a ń kọ̀wé. A ti kọ oríkì ọba, a ti kọ ti jagunjagun. A kò tíì kọ oríkì káfíńtà abúlé, ẹni tó wo igi tó dúró nínú oko tó sì rí àga nínú rẹ̀. Ìtàn àgbẹ̀ tó fi kòkó gbé Ìbàdàn ga kò sí nínú Ilé Kòkó tí wọ́n parí ní 1965 nìkan. Ó wà lára igi tí ẹ̀yìn rẹ̀ sinmi lé nígbà tó bá ti oko dé. Ẹ̀yin òǹkàwé tí ẹ ní abúlé, ní ìgbà mìíràn tí ẹ bá lọ kí àwọn àgbà, ẹ bèèrè àga náà. Bí ẹ kò bá lè gbé e wálé, ẹ gbé orúkọ rẹ̀. Alága tí kò mọ ibi tí àga rẹ̀ wà, orí ìdúró ló ń ṣèpàdé.