Ta Ló Ń Díyelé Ọmọ Èèyàn?

Mo lọ kí ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní Ajido. Apẹja ni wọ́n. Apá ti rọ, wọn ò lè ju àwọ̀n mọ́. Ojú mi ni ọmọ wọn ṣe sọ pé, “Bàbá ò wúlò mọ́, oúnjẹ lásán ni wọ́n ń jẹ!” Èyí tó dùn mí jù ni pé bàbá sorí kọ́, wọ́n ní, “Òótọ́ ló sọ.”

Irọ́ ni!

Ẹ̀yin èèyàn mi, ṣé ọjà ẹrú Àgbádárìgì ò tíì tú ni? Agbára apá ni wọ́n fi ń díyelé èèyàn níbẹ̀. Ní 1821, wọ́n kó Àjàyí lẹ́rú ní Òṣoògùn, wọ́n sì fi í gba ẹṣin. Ní 1845, Àjàyí yìí kan náà, Samuel Crowther, gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì, ó wá wàásù. Ní 1864, ó di bíṣọ́ọ̀bù. Ṣé ọjọ́ yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ níyì lójú Ọlọ́run? Ó tì o! Lọ́jọ́ ẹṣin gan-an, iyì rẹ̀ ò dín kọ́bọ̀.

Mi ò ní ká ya ọ̀lẹ. Iṣẹ́ ló ń bọ́ wa. Iṣẹ́ kọ́ ló dá wa. Ẹlẹ́dàá ò bèèrè iye ẹja tí bàbá pa kó tó pè wọ́n lọ́mọ.

Ìwọ tó ń pe bàbá rẹ ní aláìwúlò, lọ́jọ́ tí apá tìrẹ náà bá rọ, èló la ó ta ọ́?