Àṣìṣe Tí A Bò Mọ́lẹ̀ Ní Í Wó Ilé-Iṣẹ́

Àwọn ọ̀gá tó fẹ́ fi ilé-iṣẹ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ òkè òkun ṣe àwòkọ́ṣe sábà máa ń mú ohun tí kò láárí níbẹ̀: wọ́n á wó ògiri tó pín ọ́fíìsì, wọ́n á ra àga aláràbarà, wọ́n á ní kí òṣìṣẹ́ máa pe ọ̀gá lórúkọ, wọ́n á sì kéde pé gbangba ni àwọn ti ń ṣiṣẹ́ báyìí, nígbà tí ìwé ìṣirò owó ṣì wà nínú àpótí ọ̀gá tí àṣìṣe oṣù tó kọjá kò sì gbọdọ̀ jáde lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Ẹ̀tàn lásán ni. Àṣà ìṣípayá, ìyẹn ìlànà pé kí ohun tí ilé-iṣẹ́ ń ṣe, ohun tó ń ná àti ibi tó ti kùnà hàn sí òṣìṣẹ́ àti oníbàárà, kò ní nǹkan kan í ṣe pẹ̀lú ohun èlò ọ́fíìsì. Orí àṣìṣe ni a ti ń dán an wò.

Ìdánwò yìí dé bá GitLab, ilé-iṣẹ́ tí àwọn tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà ń tọ́jú iṣẹ́ wọn sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ní ọjọ́ 31 oṣù Kìíní ọdún 2017. Onímọ̀ ẹ̀rọ kan tó ń tún sáfà kejì ṣe (sáfà ni kọ̀ǹpútà ńlá tí a ń kó àkọsílẹ̀ sí) pàṣẹ pé kí àkọsílẹ̀ inú rẹ̀ pa rẹ́, láì mọ̀ pé sáfà àkọ́kọ́, èyí tí àwọn oníbàárà ń lò lọ́wọ́, ni òun ń pàṣẹ fún. Kí ó tó dá a dúró, láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, nǹkan bíi 300 gígábáìtì ti lọ, èyí tó ṣẹ́ kù kò sì tó 5. Ọ̀nà márùn-ún ni ilé-iṣẹ́ náà gbà pé òun fi ń pa ẹ̀dà mọ́, kò sì sí ọ̀kan tó ṣeé gbára lé nínú wọn: èyí tó yẹ kó máa ṣe ẹ̀dà lójoojúmọ́ ti ń kùnà láìsí ẹni tó mọ̀, íméèlì tí ì bá sì ta wọ́n lólobó kò dé ọ̀dọ̀ wọn. Orí ló kó wọn yọ, nítorí pé ẹ̀dà kan wà tí wọ́n fọwọ́ ṣe ní nǹkan bíi wákàtí mẹ́fà ṣáájú.

Níbòmíràn, ohun tí oníbàárà ì bá gbọ́ ni pé nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ló dàrú. GitLab ṣí ìwé tí wọ́n ń kọ ìtúnṣe náà sí fún gbogbo ayé, wọ́n sì ń fi iṣẹ́ náà hàn lójú ẹsẹ̀ lórí YouTube, kí ẹni tó bá fẹ́ lè máa wo ìtìjú wọn. Wọn kò lé onímọ̀ ẹ̀rọ náà. Àlàyé tí wọ́n gbé jáde fi hàn pé ètò ló kùnà, kì í ṣe ènìyàn kan. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2021, ilé-iṣẹ́ yìí kan náà wọ Nasdaq, ọjà tí wọ́n ti ń ta ìpín ìdókòwò ní Amẹ́ríkà. Kò sí ẹni tó lè sọ pé ìṣípayá nìkan ló gbé e débẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ṣì ń sọ pé ìjẹ́wọ́ àṣìṣe ń pa òwò, irọ́ ló ń pa.

Theranos ni kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ wò, ilé-iṣẹ́ tí Elizabeth Holmes dá sílẹ̀ ní Kalifóníà ní ọdún 2003, tó ṣèlérí pé ìkán ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ láti orí ìka yóò tó fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ àyẹ̀wò àìsàn. Wọ́n ya ẹ̀ka iṣẹ́ kan nípa sí èkejì, wọ́n sì ń fi agbẹjọ́rò dẹ́rù ba òṣìṣẹ́ tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀. Wọ́n díye lé e ní bílíọ̀nù 9 dọ́là, bẹ́ẹ̀ ẹ̀rọ náà kò ṣe ohun tí wọ́n ní ó ń ṣe; nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ tó mọ̀ kò rí ẹni gbọ́ tiwọn nínú ilé, wọ́n gbé ọ̀rọ̀ náà síta. Ilé-iṣẹ́ náà kógbá sílé ní 2018, ilé-ẹjọ́ sì dá ẹ̀wọ̀n tó lé ní ọdún 11 fún Holmes ní 2022.

Àwọn alátakò á ní Apple ńkọ́, tó fẹ́ràn àṣírí tó sì lówó rẹpẹtẹ. Ọjà tí kò tíì jáde ni Apple ń fi pa mọ́ fún àwọn tí wọ́n jọ ń du oníbàárà, ìyẹn sì tọ́. Owó tó wọlé àti èyí tó jáde, oṣù mẹ́ta mẹ́ta ló ń gbé e síta bí òfin ṣe là á kalẹ̀. Ẹni tó bá ń fi Apple gbèjà ìwé ìṣirò tí òun tì mọ́ àpótí kò mọ ohun tó ń sọ. Google gan-an ló yẹ kí a bá wí. Ọ̀sẹ̀-ọ̀sẹ̀ ni òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ti ń dìde bi àwọn olùdásílẹ̀ léèrè ọ̀rọ̀ nínú ìpàdé gbogbogbòò, ṣùgbọ́n nígbà tí ìbéèrè wá gbóná, tí ọ̀rọ̀ inú ìpàdé sì ń jò síta, Sundar Pichai, ọ̀gá àgbà Google, sọ ìpàdé náà di ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ní ọdún 2019. Ìṣípayá tó ń sá nígbà tí ọ̀rọ̀ bá le kì í ṣe ìṣípayá.

Kí ọ̀gá tó bá fẹ́ kí òwò òun gbòòrò pe àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ jọ lóṣù yìí, kí ó sọ àṣìṣe tí òun fúnra rẹ̀ ṣe fún wọn, kí ó sì fi iye tí ó ná ilé-iṣẹ́ hàn wọ́n nínú ìwé.