Ta Ló Wo Aago fún Ẹni Karùn-ún?

Ọ̀rọ̀ eré ìje ni mo gbé wá lónìí.

Níjọ́sí, àbúrò mi obìnrin ti ibi ìdíje àwọn ilé ẹ̀kọ́ dé sí ilé wa ní Òrè, ó ju bàtà eré rẹ̀ sí abẹ́ àga, ó ní òun kò sáré mọ́. Eré mítà 200 ni ó sá ní Òdìgbó. Àwọn méjì tó ṣíwájú ni wọ́n mú lọ sí àṣekágbá. Òun ṣe ipò karùn-ún. Mo bi í pé ìṣẹ́jú-àáyá mélòó ni ó fi sá a.

Ó ní, “Àǹtí mi, ta ló ń wo aago fún ẹni karùn-ún?”

Ẹnu mi wọhò. Lóòótọ́, àkókò ẹni kìíní àti ẹni kejì nìkan ni wọ́n kọ sínú ìwé.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà, mo fi eré síkì hàn án lórí fóònù. Pátákó tóóró méjì ni wọ́n ń so mọ́ bàtà, ọ̀pá wà lọ́wọ́ méjèèjì, wọn a sì máa yọ̀ tẹ̀rẹ́ lórí òjò dídì. Ó rẹ́rìn-ín: “Òjò dídì láàárín ìgboro?” Bẹ́ẹ̀ ni. Ní Düsseldorf ní Jámánì, láti ọdún 2002, ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi ń sá a létí odò Rhine. Òjò dídì kì í pọ̀ tó níbẹ̀, nítorí náà ọkọ̀ akẹ́rù ni ó ń kó o wá láti gbọ̀ngàn síkì kan nítòsí, wọn a sì tẹ́ ẹ sójú ọ̀nà bí ẹní. Àwa ará Òrè mọ ọkọ̀ akẹ́rù dáadáa: igi gẹdú àti kòkó ni ó ń kó kọjá ní oríta wa. Tiwọn ń kó òtútù! Wọ́n ti sá irú eré yìí náà ní àárín ìlú Drammen ní Norway, àti lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààfin ọba ní Stockholm, kí ará ìgboro lè wo eré tó jẹ́ pé inú igbó àti orí òkè ni ó ti sábà máa ń wáyé.

Ṣùgbọ́n òfin eré náà gan-an ni mo fẹ́ kí ó rí. Olúkúlùkù á kọ́kọ́ dá sá fún bí ìṣẹ́jú mẹ́ta; aago nìkan ni alátakò rẹ̀. Aago yìí a máa wo ẹni àkọ́kọ́ àti ẹni ìkẹyìn bákan náà, dé ìdá ọgọ́rùn-ún ìṣẹ́jú-àáyá. Àwọn 30 tó yára jù ni yóò tẹ̀síwájú, ní ọ̀wọ́ márùn-ún, ẹni mẹ́fà mẹ́fà. Ní ìdíje Òlíńpíìkì ìgbà òtútù ti Beijing lọ́dún 2022, ẹni méjì àkọ́kọ́ nínú ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan ló kọ́kọ́ wọlé. Ó di mẹ́wàá. Àyè méjì ṣẹ́ kù. Àwọn méjì tí àkókò wọn dára jù nínú àwọn tó kù ni wọ́n fún. Ẹni tí kò sí lára àwọn méjì àkọ́kọ́ lè wọlé, nítorí pé ẹnì kan wo aago fún un.

Nínú ìdíje yẹn ni Samuel Ikpefan ti ṣojú Nàìjíríà. Ilẹ̀ Faransé ni wọ́n ti bí i, ọmọ Nàìjíríà ni bàbá rẹ̀, òun nìkan ṣoṣo sì ni eléré ìdárayá tí a ní níbẹ̀. Kò sí lára àwọn 30. Síbẹ̀, orúkọ rẹ̀ àti àkókò rẹ̀ wà nínú àkọsílẹ̀ títí láé.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ń dùn mí. Ọmọ gba máàkì tó ju ti sáà tó kọjá lọ, a ní, “Ta ló ṣe ipò kìíní?” Ọ̀dọ́mọkùnrin ń san gbèsè díẹ̀díẹ̀, a bi í léèrè ilé tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kọ́. Ipò kìíní dára, n kò bú u. Ṣùgbọ́n ọ̀nà kan kò wọ ọjà, ẹni tí kò sì mọ àkókò tí òun fi sáré lánàá kò lè mọ̀ bóyá òun ń tẹ̀síwájú.

Ní òwúrọ̀ Sátidé, èmi àti àbúrò mi lọ sí pápá. Mo wo aago fún un: ìṣẹ́jú-àáyá 31. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó dín ní ààbọ̀ ìṣẹ́jú-àáyá kan. Kò fò, kò pariwo. Ó gba fóònù lọ́wọ́ mi, ó wò ó lẹ́ẹ̀mejì, ó sì ní, “Àǹtí mi, ẹ jẹ́ ká tún un sá.”

Ta ni ẹni karùn-ún nínú ilé tiyín? Ẹ bá mi wo aago fún un. Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.