Tọkọtaya Inú Ẹ́ńjìnnì Mustang Àtijọ́

Oṣù kẹrin ọdún 1964 ni ilé-iṣẹ́ Ford gbé Mustang jáde níbi àtẹ àgbáyé ti New York. Ẹwà ọkọ̀ náà ni àwọn ènìyàn ń sọ títí di òní, ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ bá ẹ̀yin òǹkàwé mi sọ lọ́sẹ̀ yìí wà lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, nínú èyí tó ní ẹ́ńjìnnì onísílíńdà mẹ́fà. Òótọ́ ni pé èdè ni mo kọ́ ní yunifásítì, kì í ṣe iṣẹ́ mẹkáníìkì. Sùúrù tí a fi ń tú ẹsẹ Ifá náà ni mo fi ń ka ìwé ẹ́ńjìnnì.

Kábúrétọ̀ ló ń po epo bẹntiróòlù mọ́ afẹ́fẹ́. Dìsìtíríbútọ̀ ló ń pín iná fún púlọ́ọ̀gì kọ̀ọ̀kan. Epo kì í jó tán lójú ẹsẹ̀. Nítorí náà, iná gbọ́dọ̀ ṣá kí písítìnì tó dé òkè pátápátá, bí ẹ́ńjìnnì bá sì ti ń yára sí i ni iná gbọ́dọ̀ túbọ̀ máa tètè ṣá. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ Amẹ́ríkà ìgbà náà, irin kékeré méjì tó máa ń ṣí síta bí dìsìtíríbútọ̀ ti ń yí ló ń fi eré ẹ́ńjìnnì hàn án. Ford yọ irin wọ̀nyí kúrò. Load-o-Matic ni orúkọ dìsìtíríbútọ̀ tí wọ́n fi sínú ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì onísílíńdà mẹ́fà wọn títí di ọdún 1967, ìfàmọ́ra afẹ́fẹ́ tó ń ti ara kábúrétọ̀ wá nínú páìpù tín-ínrín kan ṣoṣo ló sì fi ń mọ àsìkò.

Ojú méjì ni kábúrétọ̀ rẹ̀, Autolite 1100, ti ń mú ìfàmọ́ra yìí wá: ọ̀fun rẹ̀, níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fún ara rẹ̀ kọjá, àti ìsàlẹ̀, nítòsí àwo tí ẹsẹ̀ awakọ̀ ń ṣí. Fáàfù kékeré kan ló ń da méjèèjì pọ̀. Bí awakọ̀ bá tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ gidigidi, ìfàmọ́ra ìsàlẹ̀ á rọ. Fáàfù náà á sì pa ojú ọ̀nà ìsàlẹ̀ dé, kí ti ọ̀fun má baà ṣòfò. Ẹ ò rí i pé tọkọtaya ni wọ́n?

Ẹ̀gbọ́n mi kan ní Atlanta ra Mustang ọdún 1966. Ẹni tó tà á fún un ti yọ kábúrétọ̀ àkọ́kọ́, ó sì ti fi tuntun dídán mìíràn rọ́pò rẹ̀. Àtúnṣe ni ó pè é, ẹ gbà mí! Bí ọkọ̀ náà bá dúró, ohùn rẹ̀ tutù. Bó bá fẹ́ gun òkè, á máa mí gúlegúle. Ẹ̀gbọ́n mi pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì, ó pààrọ̀ wáyà, kò sí ìyàtọ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní kó yọ ẹ́ńjìnnì náà sọnù, kó ra V8. Owó tí òun àti ìyàwó rẹ̀ ń kó jọ láti fi ra ilé ni ìbá bá a lọ.

Ojú kan ṣoṣo ni kábúrétọ̀ tuntun yẹn ní, nítòsí àwo ìsàlẹ̀. Ìfàmọ́ra ibẹ̀ ń tó nígbà tí ẹsẹ̀ awakọ̀ bá fúyẹ́, ìdí nìyẹn tí àyẹ̀wò lójú kan kò fi fi àléébù hàn. Níbi òkè ni ó ti ń rọ, kò sì sí ti ọ̀fun tí yóò dí i; iná á wá máa pẹ́ kó tó ṣá.

Ọ̀nà méjì ló wà: kí a dá Autolite 1100 tó ní fáàfù náà padà, tàbí kí a pààrọ̀ méjèèjì pọ̀, nítorí pé dìsìtíríbútọ̀ tí Ford ń lò láti ọdún 1968 ní irin méjèèjì nínú, kò sì nílò fáàfù yẹn. Ẹ̀gbọ́n mi yan ti àkọ́kọ́, owó ilé sì wà ní báǹkì.

Ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ ra irú ọkọ̀ yìí, ẹ wo ara kábúrétọ̀ bóyá fáàfù náà wà níbẹ̀. Ẹ ṣí ìdérí dìsìtíríbútọ̀, kí ẹ yọjú sábẹ́ àwo rẹ̀ bóyá irin méjì wà níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ yọ páìpù náà lára kábúrétọ̀, kí ẹ fi ẹnu fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀: àwo náà gbọ́dọ̀ yí díẹ̀. Bí kò bá yí, ó ṣeé ṣe kí awọ inú rẹ̀ ti ya. Ẹ bá olówó ọkọ̀ ná an wálẹ̀.